Ṣaworoidẹ Níwájú Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àkọ́kọ́

Nínú ilé, ògiri máa ń ran sinimá lọ́wọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n pa iná, o ti sanwó, ojú sì ń tì ọ́ láti dìde. Bí eré náà kò bá tilẹ̀ dùn, wàá jókòó títí yóò fi parí nítorí owó rẹ. Ìta gbangba kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí eré kò bá wọ̀ lára yóò gbọn ẹní rẹ̀, yóò sì máa lọ sílé. Ajá lè gba iwájú aṣọ kọjá. Ọlọ́kadà lè tan iná mọ́ òṣèré lójú. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìdánwò tó le jù fún sinimá ni kí wọ́n gbé e síta, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n wá ka iye ènìyàn tó ṣẹ́kù nígbà tó bá parí.

Ní ìsinmi ìparí sáà kìíní tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tó ń gbé sinimá káàkiri gbé Ṣaworoidẹ wá sí Àgbádárìgì. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi í hàn, níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Màrínà, létí ọ̀sà. Túndé Kèlání ló darí eré náà ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ẹni kan náà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti Ó Le Kú. Olùkọ́ Yorùbá wa ló rán wa lọ. Wọ́n ní kí ẹni tó bá lọ kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò sílẹ̀, kó má kọ ohun tó rò pé olùkọ́ fẹ́ gbọ́. Èyí tí mo rò nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ilé náà, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó wá ní alẹ́ ọjọ́ náà ló kọ ẹ̀yìn sí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ra ẹ̀pà. Ilé náà kò ga. Ẹni tó bá ti rí àwọn ilé Èkó yóò rò pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS ló kọ́ ọ. Wọ́n ní 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni ó sì parí. Samuel Àjàyí Crowther gbé ibẹ̀. Àwa tí a ń gbé ìlú yìí ń gba iwájú ilé náà kọjá bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá.

Àwọn kan máa ń sọ pé inú ilé yìí ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ní 1845 ni Crowther dé Àgbádárìgì, ní 1846 ó ti gba Abẹ́òkúta lọ. Odindi Bíbélì Yorùbá kò sì jáde títí di 1884. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni. Ohun tí a lè sọ láìṣàsọdùn ni pé ilé yìí wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti jókòó ti tábìlì, tí wọ́n ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá yóò fi dúró lórí bébà. Èyí náà tó. Ó sì ju ìtó lọ fún ohun tí mo fẹ́ sọ nípa sinimá yìí.

Nítorí kí ni Ṣaworoidẹ dá lé? Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Jogbo. (Orúkọ ìlú náà nìkan ti tó láti dẹ́rù bani, ẹni tó bá ti gbọ́ pé nǹkan korò bí jogbo yóò mọ̀ pé òǹkọ̀wé kò fi í ṣeré.) Àwọn baba ńlá ìlú náà ti bá ọba wọn dá májẹ̀mú. Ẹni tí yóò jọba gbọ́dọ̀ búra fún ìlú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ fún un. Adé idẹ àti ìlù tó ń jẹ́ Ṣaworoidẹ ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹni tí kò ṣe ètò náà bá dé adé, tí wọ́n sì lu ìlù náà, orí ni yóò fi kú. Lápìtẹ́ fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ló fẹ́ fi oyè náà kó jọ, ó sì mọ̀ pé ẹni tó búra kò ní í lè jí ìlú kó. Kò búra, kò sín gbẹ́rẹ́. Ìbọn ló fi pa àwọn ìjòyè lẹ́nu mọ́. Àyángalú onílù sì sá wọ igbó pẹ̀lú ìlù náà. Láti ìgbà náà lọ, Lápìtẹ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, igbó Jogbo ń tán lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń bínú. Nígbà tó yá, ológun kan tó ń jẹ́ Lágàtà gba ìjọba.

Ẹ wo májẹ̀mú yẹn dáadáa. Kò sí lórí bébà kankan. Ara ènìyàn ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú gbẹ́rẹ́, àti sínú awọ ìlù. Níwájú ilé tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Yorùbá láti jókòó sórí bébà, wọ́n ń fi eré kan hàn wá nípa ìlú tí òfin rẹ̀ kò fi ìgbà kan dé orí bébà, tó sì jẹ́ pé ìlù ni adájọ́ àgbà wọn. N kò rò pé ènìyàn lè rí ibi tó bá eré yìí mu ju ibẹ̀ lọ.

Ohun kejì tún wà. Ọ̀sà tó wà níwájú ilé náà kì í ṣe omi lásán. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó ẹrú kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun. Crowther fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n tà, tí wọ́n tún tà, kí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ìwé sọ fún wa pé òyìnbó ló ra ẹrú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn aládé àti àwọn olówó ilẹ̀ wa ló tà wọ́n. Nígbà tí Lápìtẹ́ ń ta igbó tí kì í ṣe tirẹ̀ fún àwọn agégẹdú, mo wo ẹ̀yìn mi, mo rí iná ọkọ̀ apẹja kan lórí ọ̀sà. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé sinimá náà fún mi mọ́.

Ibí yìí ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú àwọn tó ṣètò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé eré tó bá ilé mu wá sí iwájú ilé, wọn kò sì fi ara ilé kan eré náà rárá. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó mú gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ó kí àwọn èèyàn pàtàkì, ó tún wọn kí, ó fi orin tó ń dún gbàmù-gbàmù sí àárín rẹ̀. Kò dárúkọ Crowther. Kò sọ ìdí tó fi jẹ́ eré yìí, kò sọ ìdí tó fi jẹ́ ibí yìí. Wọ́n tan iná aláwọ̀ búlúù mọ́ ara ilé náà kí ó lè dára nínú fọ́tò, ó sì dára nínú fọ́tò lóòótọ́. Bí a bá fẹ́ ògiri aláwọ̀ búlúù lásán, ilé ìfowópamọ́ kún ìlú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, mo dárí jì wọ́n díẹ̀. Aṣọ funfun ńlá ni wọ́n ta sáàárín òpó méjì. Àwọn àgbà jókòó sórí àga rọ́bà, àwa ọmọdé wà lórí ẹní. Ọyẹ́ ti dé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ojú ọ̀sà, ó sì lé ẹ̀fọn lọ, èyí tó jẹ́ àánú ńlá ní Àgbádárìgì. Àwòrán náà kò mọ́ bí ti òde òní. Eré ọdún 1999 ni, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni àwọn òbí wa fi wò ó. Bí wọ́n ṣe fẹ̀ ẹ́ tó ilé, ojú àwọn òṣèré rí gátagàta, pàápàá níbi tó jẹ́ alẹ́. Ohùn nìkan ni kò yẹ̀. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé etí ni wọ́n ṣe eré yìí fún ju ojú lọ.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo ń sọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí eré náà wà. A kọ́ wa láti kíláàsì kékeré pé ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní, dò, re, mí. Ìlù dùndún kò ní ẹnu tí yóò fi pe kọ́ńsónáńtì tàbí fáwẹ́lì. Ó ju gbogbo ìyẹn nù, ó mú ohùn nìkan, a sì ń gbọ́ ọ. Àwa ńkọ́? Nígbà tí a bá ń kọ Yorùbá sórí fóònù, òdìkejì rẹ̀ gan-an là ń ṣe: a mú kọ́ńsónáńtì àti fáwẹ́lì, a ju ohùn nù. Ìdí nìyí tí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ fi ń di ọ̀kan náà lọ́wọ́ wa. Eré yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìlù sí ibi tí eré mìíràn yóò fi agbẹjọ́rò sí. Gbogbo ìgbà tí Àyángalú bá gbé ọ̀pá ìlù rẹ̀ sókè, ẹ ó rí i pé ìdákẹ́jẹ́ ń bá àwọn tó wà nínú eré, torí wọ́n mọ̀ pé wọ́n fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹní níbi tí mo wà. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọjá ní ìsàlẹ̀ àwòrán, ojú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn o! Bí Òpálábá bá pa òwe, àwọn àgbà lórí àga yóò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Àwa lórí ẹní yóò kà, a ó dúró, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín díẹ̀ yóò jáde, bí ẹni tí wọ́n mú ẹ̀rín náà wá fún láti ibòmíràn. Ìtumọ̀ náà kì í parọ́. Ó kàn ń sọ ohun tí òwe náà túmọ̀ sí, kì í sì í sọ òwe. Bí ìgbà tí ènìyàn bá béèrè ọbẹ̀, tí wọ́n ka iye ẹja tó wà nínú rẹ̀ fún un ni.

Bí a ṣe ń bá a lọ báyìí, afẹ́fẹ́ gba ìsàlẹ̀ aṣọ náà. Okùn kan já. Láti ibẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ aṣọ ń ká sókè, ó ń ṣí sílẹ̀, àwọn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sì ń di ìkọ̀kọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ pariwo. Ọkùnrin kan nínú àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi òkúta lé e, afẹ́fẹ́ tún gbé e. Níkẹyìn wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ mi, kì í ṣe àwàdà: eré náà dára sí i láti ìgbà tí okùn náà ti já. Àwọn tó wà lórí ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ àwọn tó wà lórí àga. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n wí?" "Bàbá, kí ni ìlù yẹn sọ?" Àwọn àgbà dáhùn, àwọn mìíràn kò gbà pẹ̀lú ìdáhùn ara wọn, ẹnì kan ní ìlù sọ báyìí, ẹlòmíràn ní rárá, báyìí ló sọ. Ariyanjiyan kékeré tú ká káàkiri ọgbà náà bí iná orí koríko gbígbẹ. Nínú gbọ̀ngàn sinimá, wọn ì bá ti ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Níbí, ìjiyàn náà di ara eré.

Ẹni tó ṣe é dára jù ni ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì. Ògù ni wọ́n, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ègùn. Ògù ni màmá mi náà, ará Ìbàdàn ni bàbá mi, nítorí náà etí mi méjèèjì ṣí. Ìyá náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, àwọn ọmọ náà kò gbọ́ ọ púpọ̀. Ó ń túmọ̀ eré náà sí èdè Ògù fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí okùn tó já rárá. Gbogbo ibi tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe Lápìtẹ́ ní ọba, olè ni ìyá náà ń pè é. Nígbà tí Òpálábá pa òwe kan tó gùn, kò túmọ̀ rẹ̀ rárá. Ó dúró díẹ̀, ó wá fi òwe Ògù rọ́pò rẹ̀, tí kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá ti Yorùbá mu, ṣùgbọ́n tó bà síbi kan náà. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín lásìkò kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà. Mo rò pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé tó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn ní 1845 kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí: ẹnì kan tó gbọ́ èdè méjì, tó dúró láàárín, tó ń wá ọ̀rọ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé mo ń sọ pé kí a ju ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nù pátápátá: ọ̀rẹ́ mi kan, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti ìlà-oòrùn, tẹ̀lé wa wá. Nígbà tí ìsàlẹ̀ aṣọ ká, ó gbìyànjú díẹ̀, ó bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní òun ń lọ. Kò sí ìyá àgbà lẹ́yìn tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ àǹfààní fún mi ló lé e lọ. Mo ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà jà nínú ara mi. Ìlú tó ń sọ Ògù, Yorùbá àti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn kò gbọ́dọ̀ fi sinimá sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan. Bóyá ènìyàn tó mọ èdè ni kí wọ́n fi sí àárín èrò, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà nìkan.

Ní ti àwọn òṣèré, Adébáyọ̀ Fálétí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yìn. Òun ló ṣe Òpálábá, àgbàlagbà tó ń rìn káàkiri tó ń sọ òótọ́ tí ẹlòmíràn kò lè sọ. Akéwì ni Fálétí kó tó di òṣèré sinimá, ó sì hàn: kì í sáré kọjá lórí ohùn kankan. Ó ti di olóògbé láti 2017, Ìṣọ̀lá náà tẹ̀lé e ní 2018. Ó yà mí lẹ́nu bí ohùn ẹni tó ti lọ ṣe lè mú kí ẹlẹ́pà dákẹ́ kí ó má polówó mọ́. Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe Lápìtẹ́ láìpariwo púpọ̀; ojú rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ìwà búburú náà. Kúnlé Afọláyan wà nínú rẹ̀ náà, ọ̀dọ́ ni nígbà náà. Nígbà tí bàbá bàbá mi gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn bàbá rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, tó ṣe Àjàní Ògún ní 1976. Wọ́n ní nígbà náà, àwọn eléré fúnra wọn ló ń gbé sinimá àti ẹ̀rọ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé ọgbà ilé ìwé, bí Ògúndé ti ṣe pẹ̀lú Ayé. Nítorí náà, ohun tí a rí ní Màrínà kì í ṣe àṣà tuntun tí a yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà àtijọ́ wa ni, tí a ti gbàgbé.

Eré náà ní àléébù. Àwọn agégẹdú kò ní ìwà tirẹ̀. Wọ́n kàn ń wọlé, wọ́n ń kówó kalẹ̀, wọ́n ń jáde. Ẹni tó ń ra ìlú ẹlòmíràn yẹ kó ní ojú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí irú wọn ṣì wà láàárín wa, a sì nílò láti dá wọn mọ̀. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, eré náà kì í gbẹ́kẹ̀ lé wa: ohun tí a ti fi ojú rí, Òpálábá yóò tún fi ẹnu sọ ọ́. Ẹwà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bo àléébù yìí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Àárín eré náà sì fa díẹ̀; níbẹ̀ ni mo ti ka nǹkan bí ogún ènìyàn tó dìde. Jẹnẹrétọ̀ tún kú lẹ́ẹ̀kan fún àìní epo, a sì wà nínú òkùnkùn títí ẹnì kan fi gbé kẹ́ẹ̀gì dé.

Àwọn òbí wa wo eré yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àwọn ológun, nítorí ọdún tí ìjọba ológun kógbá sílé ní Nàìjíríà, 1999, ló jáde. Màmá mi ní nígbà náà gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí Lágàtà ń ṣàpẹẹrẹ, kò sẹ́ni tó ní láti dárúkọ. Èmi kò gbé ayé ológun rí. Èmi kò rí ọ̀gágun kankan nínú Lágàtà. Ohun tí mo rí ni ẹni tó rò pé tí òun bá ti gba adé, òun ti gba ohun tó wà lábẹ́ adé. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé eré kan náà lè jẹ́ eré méjì fún ọjọ́ orí méjì, kí wọ́n má fi tiwọn bo tiwa mọ́lẹ̀ nínú ìdánwò.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, Lágàtà gbé adé idẹ lé orí níwájú gbogbo ìlú. Ìsàlẹ̀ aṣọ ti ká dé nǹkan bí ìlàta àwòrán nígbà náà. A kò rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, orí àti àyà nìkan ni a ń rí. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ṣaworo tó wà lára rẹ̀ ń ró wọnwọn. Lágàtà di orí mú. Ẹnikẹ́ni kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè ní ìgbà yìí. Ìyá àgbà ẹ̀yìn mi náà dákẹ́, kò túmọ̀ nǹkan kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré sì ti dìde dúró lórí ẹní. Mo wo àyíká. Pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ti lọ, ọgbà náà ṣì kún ju ìdajì lọ, nígbà tí aago mẹ́wàá ti kọjá.

Bí àwọn tó ń gbé sinimá káàkiri bá ń ka ìwé yìí, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè nígbà tí wọ́n bá tún ń bọ̀. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé náà láti ọ̀sán, kí a lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ wo Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ń fi han àlejò kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n fún ẹnì kan bí ìyá àgbà yẹn ní gbohùngbohùn kékeré ní apá kan ọgbà fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ Ògù, kí wọ́n sì wá ẹlòmíràn fún àwọn tí kò gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹta, Agogo Èèwọ̀ ni kí wọ́n gbé wá, èyí tó jáde ní 2002 láti parí ọ̀rọ̀ Jogbo. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi tó dìde lọ pé èmi ni yóò jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n kí n má sọ ìdáhùn fún òun kí òwe tó parí.